Wọ́n ń bú ọmọ mi nídìí ṣẹ́ẹ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn míì sì ń fi ẹ̀rọ ta: kí la lè ṣe?

Ìyá Tóbi (Kubwa)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí Lichess, ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta á. Ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Lálẹ́ àná, òun àti ẹnì kan jọ ń ta oníṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ yìí jẹ kuíìnì onítọ̀hún, ayò sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Dípò kó gbà pé ó ti tán, ṣe ló jókòó tí kò ta mọ́, ó ń jẹ́ kí aago rẹ̀ máa lọ, ó lé ní iṣẹ́jú márùn-ún. Láàárín ìyẹn ló ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó kọ́kọ́ kọ "ɓarawo", gbogbo àwa tá a ń gbé òkè ọya sì mọ̀ pé olè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí èmi ìyá tó bí i. Mi ò lè tẹ ohun tó kọ síbí. Ọmọ náà ò fèsì, ó kàn gbé fóònù wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Èkejì, ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ta, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohun tí wọ́n máa ta fún wọn. Ó ní, "Mọ́mì, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún ni ẹni yìí fi ń ta gbogbo tiẹ̀. Ibi tó le, márùn-ún. Ibi tó rọrùn, márùn-ún."

Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kó yéé ta á. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ohun tó fẹ́ràn jù lọ nìyẹn lẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀dí nǹkan yìí, kí ni ká ṣe?

Ẹṣin Funfun (Gwarinpa)

Màmá Tóbi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fóònù yẹn. Kì í ṣe ọmọ yín ló ṣẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò jìyà rẹ̀.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe sí fóònù wọn ni kí n tan Kid mode lórí Lichess. Inú ètò àkáǹtì rẹ̀ lẹ ó ti rí i. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, kò sẹ́ni tó máa lè kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí i mọ́, yálà nínú eré ni tàbí lẹ́yìn eré, òun náà ò sì ní rí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Eré ṣì wà bó ṣe wà. Àwọn tó ni Chess.com, ojúlé ṣẹ́ẹ̀sì míì, náà ní ojúlé ọ̀tọ̀ fún ọmọdé, ChessKid ló ń jẹ́.

Àgbàlagbà tí kò fẹ́ ìyẹn lè pa ọ̀rọ̀ nìkan. Lórí kọ̀ǹpútà, àmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde nínú eré Lichess. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó parí. Ó wà nínú ètò Chess.com náà.

Ti ẹni tó jókòó tí kò ta: ìwà ìkà gbáà ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ kọ́mọ kúrò níbẹ̀, torí tó bá kúrò, òun ló máa pàdánù. Kó gbé fóònù kalẹ̀, kó mu omi, kó máa yọjú sí i. Lichess máa ń kíyè sí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, wọn á sì dá wọn dúró fúngbà díẹ̀ kí wọ́n má lè ta. Tó bá jẹ́ pé ṣe lẹni náà sá lọ pátápátá, bọ́tìnnì kan á yọ, ọmọ yín á tẹ̀ ẹ́, ayò di tirẹ̀.

Ní báyìí, ẹ tẹ orúkọ onítọ̀hún, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ yan ìdí tẹ́ ẹ fi ń fi sùn, ẹ lẹ ìlà adírẹ́sì eré náà mọ́ ọn, gbólóhùn kan tó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bílọ́ọ̀kì rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn rárá. Ẹni tó ń bú ìyá ọmọ ọlọ́mọ, èsì yín ló ń wá.

Adé Samaru (Zaria)

Ẹ̀gbọ́n, mo ti jábọ̀ títí ó fi sú mi. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Rétìn mi, nọ́ńbà tó ń fi bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó hàn, ti já láti 1700 wá sí 1550 láàárín oṣù kan. Èmi ò gbà pé mo dà bẹ́ẹ̀ lójijì. Bí ẹnì kan bá ta ayò tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpéye rẹ̀ jẹ́ 96, ẹ̀rọ nìyẹn. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká máa kọ orúkọ wọn síbí, kí gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n.

Olùtọ́jú Ojú-òpó

Adé, a ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn kò sí níbí láti gbèjà ara rẹ̀. Èyíkéyìí tí mo bá rí, màá yọ ọ́.

Blitz Lúgbẹ̀

Adé, mo mọ bó ṣe ń ká èèyàn lára. Àmọ́ ọ̀rọ̀ 96 yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti ju ọmọ èèyàn lọ tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1997 ni Deep Blue, kọ̀ǹpútà ńlá tí IBM ṣe, na Garry Kasparov tó jẹ́ ọba ayé nígbà yẹn, 3½ sí 2½. Lónìí, Stockfish, ètò ṣẹ́ẹ̀sì orí kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2008, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́, fóònù táwa náà ń rà ní Wuse sì lè gbé e. Kò sí èèyàn kankan láyé tó lè nà án. Èyí ló jẹ́ kí òjóró rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìpéye tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn eré, bí ohun tó o ta ṣe sún mọ́ ohun tí ẹ̀rọ ì bá ta ló ń wọ̀n. Tó o bá ti gbé kuíìnì rẹ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ló kù tí alátakò rẹ máa ṣì ta? Ohun tó wà ńlẹ̀ ló ń kó jẹ. 96 á jáde fúnra rẹ̀. Eré kúkúrú náà ńkọ́, tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀ sórí látinú ìwé? Bákan náà. Lọ ṣí eré tí wọ́n ti nà ẹ́ yẹn padà, kó o wò ó bóyá ìwọ lo kọ́kọ́ ṣì ta.

Aago lèmi máa ń wò. Èèyàn ẹlẹ́ran ara, bó o bá jẹ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò jẹ tìẹ padà. Tó bá wá kan ibi tí ohun tó lè ta pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì dà bíi pé ó dáa, yóò jókòó ti i, yóò ronú. Ẹni tó ní fóònù kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní irú ìyẹn. Yóò tẹ ohun tó o ta sínú ẹ̀rọ, yóò dúró, yóò wo èsì, yóò wá ta á lójú pátákó. Ìgbà tó ń gbà á kì í yàtọ̀, ì báà jẹ́ ibi tó le, ì báà jẹ́ ibi tó jẹ́ pé ìta kan ṣoṣo ló ṣeé ta. Ohun tí ọmọ Màmá Tóbi rí gan-an nìyẹn. Ojú ọmọ yẹn mú o, ẹ bá mi kí i.

Síbẹ̀, ohun téèyàn rí nínú eré kan kì í ṣe ẹ̀rí tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò máa ń kó ọ̀pọ̀ eré ẹni náà jọ, wọ́n á wo bí ìta rẹ̀ ṣe ń bá ti ẹ̀rọ mu, bó ṣe ń lo aago, àti àwọn nǹkan míì tí wọn kì í sọ síta káwọn alòjóró má bàa kà á. Ó lè pẹ́. Tí wọ́n bá sì mú un, Lichess á lẹ àmì mọ́ àkáǹtì rẹ̀ pé ó rú òfin, Chess.com á tì í pa, rétìn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ á sì padà wá. Ìyẹn ni èsì ìjábọ̀ rẹ, kódà bí wọn ò bá kọ lẹ́tà sí ẹ.

Bàbá Sábó (Kánò)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín láti Sabon Gari. Màmá Tóbi, ẹ kú ọmọ títọ́.

Ìdí ayò ọlọ́pọ́n ni mo dàgbà sí kí n tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Níbẹ̀, ọ̀ta á máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, á máa kọrin sí i létí, àwọn òǹwòran á máa rẹ́rìn-ín, òpè náà á máa rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tí inú ń bí. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹnu kan ìyá ẹlòmíì, àwọn àgbà tó yí wọn ká á ní kó dìde kúrò nídìí ọpọ́n. Lórí fóònù, kò sí àgbà kankan nítòsí, ẹni tó ń bú ọmọ ò sì mọ̀ pé ọmọ ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé eré lásán ni. Ọmọ tó sunkún, ẹkún rẹ̀ kì í ṣe eré.

Adé ọmọ mi, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀sùn òjóró kì í ṣe ohun tá a lè máa sọ lu èèyàn torí pé ó nà wá. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní September 2022. Magnus Carlsen, ọba ayé nígbà náà, jáwọ́ nínú ìdíje Sinquefield Cup ní St. Louis lẹ́yìn tí Hans Niemann, ọmọ ọdún 19, nà án. Niemann fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ṣe òjóró lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 12 àti 16. Ní October, Chess.com gbé ìwé olójú-ewé 72 jáde, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti ṣe é nínú eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, eré ojúkojú tó fi na Carlsen yẹn, kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí jáde títí dòní pé ó ṣe òjóró nínú rẹ̀. Niemann pe Carlsen, Chess.com àtàwọn míì lẹ́jọ́, ó ń béèrè 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní June 2023, wọ́n sì parí ìjà láàárín ara wọn ní August.

Ọdún yẹn ò tíì tán tí Vladimir Kramnik, tó ti jẹ́ ọba ayé rí, fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Hikaru Nakamura, ọ̀kan lára àwọn ọ̀jáfáfá ará Amẹ́ríkà, ní gbangba, torí pé ó gba 45½ nínú eré 46 lórí Chess.com. Chess.com yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọn ò rí òjóró kankan. Ẹni tó ń ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré, tó sì jẹ́ pé àwọn tí kò tó o ló ń bá ta lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ kan á wà tí yóò máa wọlé fún un bẹ́ẹ̀. Tí irú ọba bẹ́ẹ̀ bá lè ṣìnà nínú ìfura, kí làwa máa sọ?

Adé Samaru (Zaria)

Bàbá, mo gbọ́. Ẹ ṣeun.

Àmọ́ ohun kan ṣì wà tó ń dùn mí. Àwọn òyìnbó kan, tí wọ́n bá ti rí àsíá Nàìjíríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, tí mo bá sì nà wọ́n, "419" ni wọ́n máa kọ. Wọn ò mọ̀ mí rí. Mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n yọ àsíá náà ni?

Blitz Lúgbẹ̀

Má yọ ọ́. Pa ọ̀rọ̀ rẹ́, fi wọ́n sùn, fi àsíá rẹ sílẹ̀. Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, gbé ṣẹ́ẹ̀sì lọ sí Times Square ní New York ní April 2024, ó ta á fún 60 wákàtí, àsíá kan náà yẹn ni gbogbo ayé rí lára rẹ̀. Ó ṣe é láti fi wá owó fún àwọn ọmọ tí kò rí owó ilé ìwé san. Ẹni tó bá rí àsíá wa tó sì jẹ́ pé 419 ló rò, àìmọ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹṣin Funfun (Gwarinpa)

Mo fẹ́ fi ìtàn kan kún un, torí ó pa ọ̀rọ̀ èébú àti ti òjóró pọ̀. September 2020 ni, àṣekágbá PRO Chess League, ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ti Chess.com, gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Armenia Eagles na Saint Louis Arch Bishops. Tigran L. Petrosian wà lára àwọn ará Armenia (kì í ṣe Petrosian tó jẹ́ ọba ayé láyé àtijọ́ o, ìyẹn ti kú lọ́dún 1984). Ó ta dáadáa kọjá bó ṣe yẹ, ó na Caruana, ó na Wesley So, àwọn ọ̀jáfáfá tó ń ta fún Saint Louis. So wá sọ ní gbangba pé ọkùnrin náà ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá. Ni Petrosian bá kọ èébú gígùn sí i lórí ìkànnì, èébú ọmọdé tí àwọn èèyàn ṣì ń pín kiri títí dòní, ó ní ẹkún ni So máa ń sun nígbà gbogbo tí wọ́n bá nà án.

Chess.com ṣe àyẹ̀wò wọn, wọ́n ní ó rú òfin. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ Armenia, wọ́n gbé e fún Saint Louis, wọ́n sì ní Petrosian ò gbọ́dọ̀ ta lórí ojúlé wọn mọ́ láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ kí Adé rí níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n sọ kò yanjú nǹkan kan. Àyẹ̀wò ló yanjú rẹ̀.

Ìyá Tóbi (Kubwa)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti tan Kid mode, mo sì ti fi ẹni yẹn sùn. Bàbá rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ Bàbá Sábó, ó ní ó dáa, kí ọmọ máa ta á lọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣáájú kí n tó bílọ́ọ̀kì rẹ̀, ó kọ̀wé pé òun á wá ọmọ náà rí, òun á ṣe é léṣe. Mo rò pé ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Amòfin Garki

Màmá, ẹ má pè é ní ẹnu lásán. Èébú yàtọ̀, ìhàlẹ̀ yàtọ̀. Òfin Cybercrimes ti 2015, abala 24, kan ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ mọ́ èèyàn débi tí ẹ̀rù ikú tàbí ìpalára fi bà á. Wọ́n tún òfin yẹn ṣe ní 2024, àmọ́ apá tó sọ̀rọ̀ nípa ìhàlẹ̀ irú èyí kò lọ.

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà kó tó parẹ́, kí orúkọ rẹ̀ lórí ojúlé, déètì àti aago hàn nínú rẹ̀. Ẹ fi ìlà adírẹ́sì eré náà pa mọ́. Tó bá tún gba àkáǹtì míì wá bá yín, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì níbí ní Abuja. Kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ọmọ gan-an, orúkọ ilé ìwé tàbí àwòrán rẹ̀ wà lójú àkáǹtì náà. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lónìí.

Ìyá Tóbi (Kubwa)

Orúkọ ilé ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti yọ ọ́. Àwòrán ojú fóònù náà wà lọ́wọ́ mi.

Olùtọ́jú Ojú-òpó

Níwọ̀n bá a ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdíje ọjọ́ Sátidé wa ń bọ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ọ̀pọ̀ ti ń béèrè bá a ṣe máa dènà òjóró. Àwọn tó dáa jù nínú wa kò fẹ́ dá owó sí i mọ́ torí ìyẹn. Kí lẹ rò?

Blitz Lúgbẹ̀

Ibi tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ ká lo kámẹ́rà. Fóònù kejì, ká gbé e sẹ́yìn ẹni tó ń ta, lápá ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti tábìlì hàn pọ̀. Báwọn tó ń ta fún owó ńlá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kámẹ́rà iwájú nìkan ò tó, kò lè rí ohun tó wà lórí itan èèyàn.

Kí eré sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá méjì tí wọ́n ń fi kún un fún ìta kọ̀ọ̀kan. Kò ní dí àwọn alòjóró lọ́nà pátápátá, àmọ́ yóò ṣòro fún wọn ju oníṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò lágbára náà á fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn mí.

Adé Samaru (Zaria)

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ pátápátá ńkọ́? Tí iná bá lọ ní Samaru, ẹ ó ní mo sá ni?

Bàbá Sábó (Kánò)

Rárá. Ẹ rántí àṣekágbá Olympiad orí íntánẹ́ẹ̀tì ti FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, lọ́dún 2020. Àwọn ọmọ Íńdíà já kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín eré tí wọ́n ń bá Rọ́ṣíà ta, aago wọn sì tán. FIDE wò ó pé ẹ̀bi wọn kọ́, wọ́n fún orílẹ̀-èdè méjèèjì ní góòlù. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí irú àwọn bẹ́ẹ̀, tàwa kì í ṣe tuntun. Kí á tún eré náà ta lẹ́ẹ̀kan, kí ó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹṣin Funfun (Gwarinpa)

Èmi fara mọ́ kámẹ́rà, mo sì fara mọ́ títún eré ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe àṣekágbá lójúkojú. Kí á fi orí íntánẹ́ẹ̀tì yan àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, kí àwọn mẹ́jọ yẹn wá pàdé lórí pátákó gidi. Kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wà, tábìlì wà, aago ṣẹ́ẹ̀sì mẹ́rin wà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Kánò tàbí Zaria, ká yọ owó ọkọ̀ rẹ̀ nínú owó tá a dá.

Olùtọ́jú Ojú-òpó

Mo gba gbogbo rẹ̀. Màá kọ òfin náà síta lálẹ́ òní. Mo fi ọ̀kan kún un: ẹni tó bá bú alátakò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, yálà ṣáájú eré tàbí lẹ́yìn eré, kò ní ta ìdíje méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fura sí ẹnikẹ́ni, èmi ni kó kọ̀wé sí níkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìlà adírẹ́sì eré.

Ìyá Tóbi (Kubwa)

Ṣé ọmọ ọdún méjìlá lè forúkọ sílẹ̀?

Ẹṣin Funfun (Gwarinpa)

Ó lè forúkọ sílẹ̀, Màmá. Kẹ́ ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá, kẹ́ ẹ sì gba agbára sínú fóònù méjèèjì ṣáájú aago mẹ́rin.